Orí Keje: Ẹni Tó Kẹ́yìn Ìlà: Okun Ara àti Ìdarí Nínú Ẹ̀kọ́ Ológun fún Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló rò pé ẹ̀kọ́ ológun kò ju kí ènìyàn sáré kí ó má mí hẹlẹhẹlẹ, kí ó ṣe press-up 50 láì dúró, kí ó sì mọ bí a ṣe ń kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ara líle wà nínú rẹ̀, a ó sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń wọn aṣáájú nínú iṣẹ́ ogun ni bí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú ikọ̀ ṣe dé ibi tí wọ́n ń lọ. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá dé, tí ìkẹsàn-án ṣubú lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, aṣáájú náà ti kùnà, ìbáà jẹ́ òun gan-an ló kọ́kọ́ dé.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Èkó wà láàárín Muṣin àti Ìkẹjà tí bárékè ńlá wà. Òṣòdì ni àwọn sójà tó fẹ́ fẹ̀yìntì ti ń kọ́ṣẹ́. Àgọ́ tí àwọn agùnbánirọ̀ Èkó ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà ní Ìyànà Ìpájà, ibi tí kọ̀ǹdọ́ ń ké sí lójoojúmọ́ ní Òṣòdì. Ní Òkè-Afá, ní Ìsọlọ̀, sì ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2002 tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ nípa ìdarí gbọ́dọ̀ mọ̀.

Àwọn tó ti ń kọ́ ọ ṣáájú wa

Kí òyìnbó tó dé, Yorùbá ní ètò tiwọn. Ọ̀yọ́ ní Ẹ̀ṣọ́ 70, àwọn akọni tí wọ́n ti fi ojú ogun dán wò. Ní Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí bárékè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ mọ ogun jíjà á lọ so mọ́ agbo ilé olóyè ogun kan. Ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹ, tí yóò ti máa roko, tí yóò sì ti máa tẹ̀lé àwọn àgbà lọ sójú ogun. Olóyè tó bá ń jẹun tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wo ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ dá nìkan wà, nítorí agbo ilé olóyè mìíràn kò jìnnà. Nígbà tí ogun Kírìjí bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí Ìbàdàn jókòó sí Ìgbàjọ, tí Èkìtìparapọ̀ jókòó sí Ìmèsí-Ilé títí di 1893, kì í ṣe ìgboyà ọjọ́ kan ló gbé ọmọ ogun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ró. Oúnjẹ ni, ẹ̀tù ni, sùúrù àwọn olórí wọn ni.

Ní òkè òkun, wọ́n gbé ẹ̀kọ́ náà wọ yunifásítì gan-an. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́ ọ̀gá ológun sílẹ̀ ní yunifásítì wọn ní 1908. Amẹ́ríkà fi òfin gbé ROTC, irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ tiwọn, kalẹ̀ ní 1916. Íńdíà bẹ̀rẹ̀ National Cadet Corps ní 1948. Colin Powell, tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá láti Jàmáíkà, ń kọ́ nípa àpáta àti ilẹ̀ ní City College ní New York, ṣùgbọ́n ROTC ilé ẹ̀kọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ó di ọ̀gá ológun ní 1958. Ní 1989 ó di alága àwọn ọ̀gá àgbà ológun Amẹ́ríkà.

Nàìjíríà kò gba ọ̀nà yẹn. Ọmọ tó bá fẹ́ di ọ̀gá ológun á lọ sí Nigerian Defence Academy ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ di sójà ní tirẹ̀, Man O' War àti NYSC ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún un.

Ojú òkun ni ìtàn Man O' War ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ará Jámánì ń ri ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì, Lawrence Holt, tí ìdílé rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, kíyè sí nǹkan kan tó yà á lẹ́nu. Nínú àwọn tó bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré lójú agbami, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko ló ń kú, àwọn àgbà atukọ̀ ló ń yè. Agbára wà lára ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ìyà kò tíì jẹ ẹ́ rí tó fi mọ̀ pé òun lè là á já, kò sì tíì kọ́ bí a ṣe ń gbára lé ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹni. Holt àti olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Kurt Hahn dá ilé ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdovey ní Wales ní 1941. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1951, Alec Dickson gbé irú ẹ̀kọ́ yìí wá sí Man O' War Bay, nítòsí ìlú Victoria tí a ń pè ní Limbe lónìí, ní apá Kamẹrúùnù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Nígbà tí ilẹ̀ náà bá Kamẹrúùnù lọ ní 1961, Èkó ni iṣẹ́ náà kó wá. Citizenship and Leadership Training Centre ni wọ́n ń pe ibùdó náà. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ojú omi ní Àpápá, ó sì ní ti orí òkè ní Shere Hills nítòsí Jos. Ẹgbẹ́ Man O' War tí ẹ ń rí ní ọgbà yunifásítì, tí wọ́n ń gun okùn, tí wọ́n ń fo ògiri, ọmọ inú ilé yẹn ni wọ́n.

NYSC, ètò àwọn agùnbánirọ̀, ni ó kan gbogbo ènìyàn. Òfin ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló gbé e kalẹ̀ ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, 1973, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni agùnbánirọ̀ ń lò nínú àgọ́. Fèrè sójà á dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo wọn á jáde nínú aṣọ funfun, wọ́n á tò ní ikọ̀ ní ikọ̀, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń yan, wọ́n á sì bá àwọn Man O' War gun okùn. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Ohun tí mo rí bí àbùkù rẹ̀ ni pé ó pẹ́ kó tó dé: akẹ́kọ̀ọ́ ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní yunifásítì, ó ti darí ẹgbẹ́, ó ti dìbò, ó ti ṣe ìwọ́de, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń kó ènìyàn mẹ́wàá lọ kí a sì kó wọn bọ̀ ní pípé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi í tètè fọkàn tán kákí, kó lọ ka ìtàn 1978. Ahmadu Ali, dókítà àti ọ̀gá ológun tó kọ́kọ́ darí NYSC, ló wà nípò kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà tí owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ kan fò láti ₦1.50 sí ₦2. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde, ariwo "Ali Must Go" gba ìlú kan, ìbọn sì pa Akintunde Ojo, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ológun láì mẹ́nu bà á, ìdajì ìtàn ló sọ. Àṣẹ tí kò sí ìfọkàntán lábẹ́ rẹ̀, ìpayà ni yóò máa bí.

Ara tí a fẹ́ kọ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní 2020 pé kí àgbàlagbà tó wà láàárín ọdún 18 sí 64 máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ó kéré tán ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ ṣe èyí tó ń fún iṣan lókun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Máfolúkù dé Òṣòdì, tó tún ń gun àtẹ̀gùn bíríìjì kó tó wọkọ̀ lọ sí Akọka, ti ń san díẹ̀ nínú gbèsè yẹn láì mọ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ bí eré ṣe le tó, a lè fi ọjọ́ orí wá a: ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220, ohun tó kù ni a fi ń fojú bu iye ìgbà tí ọkàn lè lù jù lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni ogún ọdún, 200 ni tirẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí lílù ọkàn rẹ̀ wà láàárín 120 sí 150. Ẹni tí kò ní aago tó ń ka ọkàn lè fi ẹnu dán an wò: bí o bá lè bá ẹnìkejì rẹ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, o wà níbi tó yẹ.

Èkó kì í ṣe ibi tí a ń sáré ní ọ̀sán. Ooru wà, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló burú jù, nítorí òógùn tí kò bá gbẹ lára kò lè tu ara. Òwúrọ̀ kùtù, kí èéfín dánfó tó bo Òpópónà Agége àti ojú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, ni àkókò tó dára. Pápá ilé ìwé sì ni kí ẹ wá, ẹ má sáré létí títì. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ lórí eré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbò yèpéyèpé, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ooru ti mú un nìyẹn. Ẹ gbé e lọ síbi ìbòòji, ẹ bọ́ aṣọ tó wúwo lára rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan sì máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe ní kó dìde máa sáré lọ kí ojú má baà tì í.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fò wá. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe eré ìdárayá láì sí wàhálà, ṣùgbọ́n bí a bá ń lé wọn sáré nínú ooru láì fún wọn ní omi àti ìsinmi, iṣan wọn lè bàjẹ́ lójijì, ó sì lè gba ẹ̀mí. Ẹni tó bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe eré àṣekára, àyàfi ohun tí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí. Aṣáájú ikọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí nípa olúkúlùkù kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kan, kí ó sì pa á mọ́ sínú ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyà náà nìyí. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń pe ìfìyàjẹni ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́: kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ títí orúnkún yóò fi wú, kí wọ́n da omi ẹrẹ̀ lé e lórí, kí wọ́n gbá a létí. Èmi kò gbà pé ohunkóhun nínú èyí ń kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń darí. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ń gbà mú ọmọ ọlọ́mọ wọlé gan-an nìyẹn, ikọ̀ tó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọgbà yunifásítì, ó ti kúrò ní ohun tí orí yìí ń sọ. Kí ikọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ má wọ aṣọ kàmúfíláàjì sójà, òfin Nàìjíríà kò gba ẹni tí kì í ṣe ológun láyè láti wọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ohun ìjà.

Ìlà ènìyàn mẹ́sàn-án

John Adair, tó ṣe olùkọ́ ní Sandhurst, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀gá ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ni pé ohun mẹ́ta ni aṣáájú ń gbé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: iṣẹ́ tí wọ́n rán ikọ̀, ikọ̀ fúnra rẹ̀, àti ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá já bọ́, yóò fa méjì yòókù lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wo bí èyí ṣe rí lórí ilẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án fẹ́ rin kìlómítà mẹ́wàá pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Aṣáájú tí kò mọ̀ á bọ́ síwájú, á máa fa ìlà. Láàárín ìdajì wákàtí, àlàfo á ti wà láàárín ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún. Àwọn tó wà lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í sá kí wọ́n lè bá wọn. Níbi tí àwọn tó wà níwájú bá ti dúró sinmi, ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá dé ni wọ́n á tún dìde. Ẹni tó rẹ̀ jù ni kò wá ní ìsinmi rárá. Aṣáájú tó mọṣẹ́ á fi ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá sí ipò kejì tàbí ìkẹta, kí ìgbésẹ̀ rẹ̀ lè di ìgbésẹ̀ gbogbo ìlà. Á fi ẹni tó lágbára tó sì ní sùúrù sí ìparí, kó máa ka orí. Òun fúnra rẹ̀ á máa rìn síwá sẹ́yìn, á máa wo ẹsẹ̀ àti ojú wọn. Níbi ìsinmi, á ní kí wọ́n bọ́ bàtà, á wo ẹsẹ̀ tó bó, á sì rí i pé olúkúlùkù mu omi kí òun tó mu tirẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń wòran kì í rí. Bí aṣáájú bá sọ pé "ihò wà lápá òsì," kò ní pariwo rẹ̀. Ẹni kìíní á sọ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì á sọ fún ẹnì kẹta, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹsàn-án, ẹni ìkẹsàn-án á sì dá a padà síwájú láti ẹnu dé ẹnu pé "ó ti dé." Bí ìdáhùn yẹn kò bá tíì padà, ìlà kò gbọdọ̀ kọjá ihò náà. Ẹ ṣe é títí yóò fi mọ́ yín lára.

Òkè-Afá, ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, 2002

Ọjọ́ Àìkú ni, nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Iná ràn mọ́ ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí nínú bárékè Ìkẹjà, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmùgbàmù. Ilé mì ní àdúgbò tó jìnnà, fèrèsé fọ́, ojú ọ̀run pọ́n. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wí ti èyí tẹ́lẹ̀. Àwọn kan rò pé àwọn sójà ló fẹ́ gbàjọba. Èrò tú síta ní Ìkẹjà, ní Òṣòdì, ní àwọn àdúgbò tó yí wọn ká, ìyá gbé ọmọ pọ̀n, ọmọ di ọwọ́ àbúrò mú, wọ́n ń sá lọ sí ìhà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú.

Kánààlì kan wà ní Òkè-Afá. Ewé ojú omi ti bò ó lórí. Nínú òkùnkùn, ilẹ̀ ni ó jọ lójú ẹni tó ń sá bọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ bọ́ sínú omi. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn rí i, wọ́n sì fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n èrò ẹ̀yìn kò rí ohunkóhun; ìbúgbàmù ni wọ́n ń gbọ́, iwájú ni wọ́n ń tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú jẹ́ ọmọdé àti ìyá wọn. Iye àwọn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà lọ lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ẹni tí bọ́ǹbù kankan kò sún mọ́. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Afá títí di òní, àwọn ẹbí sì máa ń pàdé níbẹ̀ ní àyájọ́ ọjọ́ náà.

A kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn wí. Ẹni tó ń sá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn kò jẹ̀bi ohunkóhun. Àwọn tó kó bọ́ǹbù sáàárín ìlú ni ẹ̀bi wà lọ́rùn wọn. Ohun tí a lè kọ́ nínú rẹ̀ ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ 20 tó mọ ìlà ènìyàn mẹ́sàn-án ì bá ti ṣe ní alẹ́ yẹn. Àwọn tó wà níwájú ló kú nítorí pé ọ̀rọ̀ kò lè padà dé ẹ̀yìn. Ariwo kò lè gbé e dé ibẹ̀, ìbúgbàmù ti borí ohùn ènìyàn. Ọwọ́ ni ì bá gbé e: kí àwọn mẹ́fà so ọwọ́ pọ̀ ní ibi tó jìnnà díẹ̀ sí etí kánààlì, kí wọ́n kọjú sí èrò, kí àwọn mìíràn lọ dúró sí oríta ní ẹ̀yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n máa darí èrò gba ojú afárá. Ẹni tó mọ omi wẹ̀ á mú okùn tàbí igi gígùn, á dúró létí omi. Kò ní bẹ́ sínú rẹ̀, torí ẹni tó ń rì á dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á sì lọ. Kò sí èyí tó gba agbára àrà ọ̀tọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ó gba kí wọ́n ti mọ àdúgbò wọn lọ́sàn-án, kí wọ́n ti mọ ara wọn, kí wọ́n sì ti mọ ẹni tó ń pàṣẹ.

Nítorí náà ni mo fi sọ pé lúwẹ̀ẹ́ àti ìtọ́jú pàjáwìrì gbọ́dọ̀ ṣáájú press-up nínú ètò ẹ̀kọ́ ikọ̀ èyíkéyìí ní ìlú tí omi yí ká bí Èkó.

Àwọn olùkọ́ tó wà ní Òṣòdì

Nigerian Armed Forces Resettlement Centre wà ní Òṣòdì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nítorí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó ja Ogun Àgbáyé Kejì, lára wọn àwọn tó ru ẹrù lórí gba inú igbó Burma kọjá ní abẹ́ Dífísọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lónìí, sójà, ọmọ ogun ojú omi àti ti òfurufú tó fẹ́ fẹ̀yìntì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò níbẹ̀, kí wọ́n má baà bọ́ sígboro lọ́wọ́ òfo.

Ẹ ro ohun tó wà nínú ọgbà yẹn. Sájẹ́ńtì wà níbẹ̀ tó ti lo ọdún 35, tó ti kó ọmọ ogún ọdún jáde lọ́gànjọ́, tó sì mọ̀ láti inú ìró ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé kọ́ ni olùkọ́ ìdarí tó dára jù. Irú sájẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé rẹ̀ lè má pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè bí a ṣe ń pàṣẹ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà, yóò dá yín lóhùn pẹ̀lú orúkọ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn yunifásítì tó wà ní Èkó yẹ kó gba irú wọn síṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá àti ìdarí, kí owó tó tọ́ sì máa dé ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ilé ẹ̀kọ́ fi òfin rẹ̀ sọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ọmọ ogun, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ nà án.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Nínú ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án, ẹ rìn ní òwúrọ̀ láti Òṣòdì dé Òkè-Afá, ní ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀: afárá, kánààlì, ilé ìwòsàn, pápá ilé ìwé, ọ̀nà tí kò já. Ẹ tọ́ka sí ibi mẹ́ta tí ẹ ó fi ènìyàn sí bí èrò bá ń sá bọ̀ lóru.

2. Ẹ bi ẹnì kan ní àdúgbò yín tó fojú rí alẹ́ ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, 2002 léèrè ohun tó gbọ́, ibi tó gbà, ẹni tó tẹ̀ lé àti ìdí. Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, bí ó bá sì ní òun kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ dúpẹ́ kí ẹ sì máa lọ.

3. Ẹ yan aṣáájú mìíràn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kẹ́yìn ìlà ni kó kọ ìròyìn nípa aṣáájú náà, kí àwọn yòókù má fọwọ́ kàn án. Ẹ ka ìròyìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sétí ikọ̀, kí ẹ sì jíròrò ohun tí ẹni ẹ̀yìn rí tí ẹni iwájú kò rí.